Ẹni Tó Ń Mí Nínú Kẹ̀kẹ́ Ẹṣin

Ọmọ mi ń sùn lọ́jọ́ tí mo kúrò nílé. Màámi ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ ohun tí à ń pè ní ìrìn àjò, pé bó bá wà lójúfò yóò ké títí ọkàn mi yóò fi rọ̀, n ó sì pa dà sínú yàrá lọ tú ẹrù. Mo bá tẹ́ Mọ́rẹ́nikẹ́ sórí ẹní lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Láti àárọ̀ ló ti ń fura, ó sì ti sunkún díẹ̀. Mo ń gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́ títí oorun fi gbé e lọ. Mo rọra yọ ọwọ́ mi, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Bàbá rẹ̀ ti fẹ́ ẹlòmíràn sí Èkó kí ọmọ náà tó mọ ìrìn, nítorí náà kò sí ẹni tí mo tún fẹ́ dágbére fún ní Ṣakí. Gbogbo ará ilé ló gbà pé ọgbọ́n la dá. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Hamburg ni mo kọ́kọ́ gbé. Ẹ̀kọ́ ni mo bá wá, àmọ́ ẹ̀kọ́ kì í bọ́ ẹnu. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níbẹ̀ ni bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ilé wa ṣì ń jó orí ẹni. Èkejì ni ìkíni. Mo kí obìnrin kan lórí àtẹ̀gùn ilé tí mò ń gbé, obìnrin náà bojú wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tí mò ń kí. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn ènìyàn nínú ọkàn mi nìkan. Nígbà tó yá, mo rí i pé odidi ọjọ́ lè kọjá kí n má gbọ́ ohùn ara mi.

Màámi máa ń gba ìpè mi nígbàkigbà. Wọ́n á sọ ti òjò, ti ọjà, ti ẹni tó kú, ti ẹni tó bímọ. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní, "Ó yá, Mọ́rẹ́nikẹ́, wá kí mọ́mì ẹ," wọ́n á sì gbé fóònù lé e létí. Kò ní í sọ̀rọ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, mo rò pé ìtìjú ni. Oṣù ń gorí oṣù, ọmọ náà kò sọ ohunkóhun. Ohun tí mo ń gbọ́ kò ju kí ó máa mí sínú fóònù lọ, tó máa ń fà á lẹ́ẹ̀mejì nígbà mìíràn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Èmi á máa sọ̀rọ̀ lọ. Mo sọ fún un nípa àwọn ẹyẹ tó ń rìn láàárín ènìyàn láìbẹ̀rù, nípa ọkọ̀ ojú omi tó tóbi ju àdúgbò wa lọ. Lẹ́yìn náà Màámi á gba fóònù, wọ́n á ní, "Ó ti gbọ́."

Billbrook, ní Hamburg náà, ni mo ti rí iṣẹ́. Ilé ẹrù ni gbogbo ibẹ̀, ọkọ̀ àjàgbé wọlé, ọkọ̀ àjàgbé jáde. Tiwa jẹ́ Lager, ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n ń kó ohun èlò àgbẹ̀ àtijọ́ jọ sí. Wọ́n ń rà á láti Poland, láti Ukraine, láti Rọ́ṣíà, wọ́n sì ń tà á fún àwọn ilé oúnjẹ àti àwọn tó fẹ́ fi ṣe ọgbà lọ́ṣọ̀ọ́. Eruku àti ẹrẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbo igi, mo ń fi epo pa á. Ẹni tó ń tún ohun tó bá kán ṣe ni Bàbá Viktor. Jámánì ni wọ́n, ṣùgbọ́n abúlé kan ní Siberia ni wọ́n ti bí wọn. Ìyá àgbà wọn ló tọ́ wọn dàgbà, ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ fún mi nípa ara wọn. Èmi náà sọ tèmi.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n já kẹ̀kẹ́ ẹrù kan sílẹ̀ fún wa, irú èyí tí ẹṣin ń fà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ igi rìbìtì tí wọ́n fi irin dè létí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ sókè bí ìhà ẹran. Òpó gígùn méjì ló yọ níwájú, tí ẹṣin ń dúró sáàárín wọn, igi kan tí wọ́n tẹ̀ bí òṣùmàrè sì wà pẹ̀lú rẹ̀ tó máa ń wà lókè ọrùn ẹṣin. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń pa á kó má baà máa dún ti gbẹ mọ́ ìdí àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá Viktor yí i po, wọ́n bọ́ fìlà.

"Kí ni wọ́n ń pe èyí?" mo bi wọ́n.

"Tẹlẹ́gà," wọ́n ní. "Ní abúlé wa, kò sí ohun tí kì í gbé. Koríko, ọ̀dùnkún, igi ìdáná, ìyàwó tuntun, òkú. Àgbẹ̀ tí kò bá ní tẹlẹ́gà, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń di ẹṣin."

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dé fìlà pa dà, wọ́n sì lọ síbi iṣẹ́ wọn. Láti ọjọ́ náà, wọn kò jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ náà rí, bẹ́ẹ̀ igun tí wọ́n gbé e sí ni igun tó móoru jù nínú ilé ẹrù náà.

Èmi ni mo gbá inú rẹ̀. Koríko gbígbẹ tó ti dúdú há sáàárín àwọn pákó, mo ń fi ọwọ́ yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo tẹ̀ sínú rẹ̀ dé ìbàdí nígbà tí mo gbọ́ ẹni tó ń mí. Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni. Mo sé èémí mi, mímí náà kò dúró. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, jẹ́jẹ́, ní abẹ́ imú mi gan-an. Lẹ́yìn náà ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún ń bá a lọ.

Kò sí ìyá tí kò mọ irú mímí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá sunkún kó tó sùn ló ń mí báyẹn.

Mo jáde síta, mo dúró nínú òtútù láìwọ kóòtù. Mo sọ fún ara mi pé àárẹ̀ ni, pé àárò ọmọ ló ń ṣe mí. Ó ṣeé ṣe. Ẹni tó bá dá wà tó bí mo ṣe dá wà nígbà náà lè gbọ́ ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ tí mo fi tu ara mi nínú nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́, títí di ọjọ́ tí mo pe Màámi lásìkò ìsinmi ọ̀sán. Igun tó móoru yẹn ni mo jókòó sí, nítorí ibẹ̀ ni fóònù mi ti máa ń mú dáadáa. A ń sọ̀rọ̀ lọ, ni Màámi bá dákẹ́.

"Ọmọ ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ?" wọ́n ní.

"Kò sí ọmọ kankan níbí, Màámi. Ibi iṣẹ́ ni mo wà."

"Má purọ́ fún mi. Mo ti tọ́ ọmọ tiwa, mo ti tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ kan ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ." Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o ti bí òmíràn sọ́hùn-ún ni? Sọ fún mi, mi ò ní bínú."

Mo dìde, mo rìn títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà. "Ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ ọ báyìí?"

"Rárá," ni Màámi wí. "Kí lo ṣe fún un?"

Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo sọ fún Ìyá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà tí mò ń lọ. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n wo ojú mi pẹ́, wọ́n ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kíá. Wọ́n fún mi ní omi àdúrà nínú ìgò. Mo gba omi náà, mo mú un lọ sí Billbrook, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dúró ti kẹ̀kẹ́ náà, mi ò lè dà á. Ta ni ń da omi tútù lé ọmọ tó ń sùn? Dípò bẹ́ẹ̀, mo lọ bá Bàbá Viktor.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," mo ní, "ṣé ẹ ń gbọ́ ohun kan nínú tẹlẹ́gà yẹn?"

Wọ́n ń fi ayùn rẹ́ igi, wọ́n sì rẹ́ ẹ dé òpin kí wọ́n tó dáhùn. "Láti ọjọ́ tó ti dé," wọ́n ní. "Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni. Mo ti ń múra láti rí dókítà." Wọ́n gbá lẹ́bulẹ́bu igi kúrò ní ṣòkòtò wọn. "Inú mi dùn pé ìwọ náà ń gbọ́. Kì í ṣe inú dídùn tó dára."

A kò sọ fún ọ̀gá. Kí la fẹ́ sọ?

Ìgbà òtútù ń lọ tán nígbà tí ẹnì kan láti Spandau, ní Berlin, ra kẹ̀kẹ́ náà. Wọ́n rán èmi àti Bàbá Viktor láti lọ tò ó pọ̀ fún un. Ilé kékeré kan ni, tó ní àgbàlá lẹ́yìn, kò jìnnà sí odò Havel. Irina ló ṣílẹ̀kùn fún wa, obìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, inú rẹ̀ kò sì dùn.

"Ìyá àgbà mi ni," ó ní. "Àga tí wọ́n ń jókòó lé ti ya, wọn ò jẹ́ kí n ra tuntun. Igi jíjẹrà ni wọ́n ń fẹ́."

A tò ó sí àárín àgbàlá, a fi òkúta sé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà náà jáde pẹ̀lú ọ̀pá, Màmá Lydia ni orúkọ wọn. Ara wọn gbẹ, wọ́n kúrú, wọ́n we gèlè òwú sórí bí àwọn ìyá abúlé. Wọn kò kí wa. Wọ́n lọ tààrà síbi kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n sì fi etí lé pákó rẹ̀. A dúró. Irina ń mi ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Nígbà tí Màmá Lydia gbé orí sókè, ojú wọn kò lọ sọ́dọ̀ ọmọ-ọmọ wọn, kò lọ sọ́dọ̀ Bàbá Viktor. Èmi ni wọ́n wò.

"Ìwọ ń gbọ́ ọ," wọ́n ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọlé wá mu tíì."

Nídìí tíì náà ni wọ́n ti sọ ọ́. Irina ti gbọ́ ìtàn náà rí, ó ń fọ abọ́.

"Nígbà ogun tí Jámánì bá Rọ́ṣíà jà ni," ni Màmá Lydia wí. "Abúlé wa wà lẹ́bàá odò Volga. Jámánì ni wá, ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá wa ti wà ní Rọ́ṣíà kí wọ́n tó bí àwọn tó ń lé wa. Àwọn ṣọ́jà dé, wọ́n ní ká di ẹrù. Bàbá mi kó ohun tó ṣeé kó sínú tẹlẹ́gà, ó da koríko lé e, ó sì gbé èmi àti àbúrò mi jókòó sórí rẹ̀. Rosa kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ó ń sunkún nítorí ajá tí a fi sílẹ̀. Màmá mi ní kí n kọrin fún un kó lè sùn. Mo kọrin. Ó sùn.

"Nígbà tí a dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ariwo 'ẹ yára' ló gba gbogbo ibẹ̀. Bàbá mi ń sọ ẹrù kalẹ̀. Màmá mi gbé ọmọ ọwọ́. Èmi fò sílẹ̀ láti lọ wo ọkọ̀ náà, nítorí mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ṣọ́jà kan gba ìjánu ẹṣin wa, ó yí tẹlẹ́gà pa dà kó lè lọ kó àwọn mìíràn wá. Rosa wà lábẹ́ koríko. Kò sí ẹni tó rí i. Kò ké, kò pè wá. Ó ń sùn. Bàbá mi sá tẹ̀lé e, wọ́n fi ìdí ìbọn tì í pa dà. Ọkọ̀ ojú irin sì gbéra lọ sí Siberia."

Bàbá Viktor ń wo inú ife tíì wọn. Mo béèrè bóyá kẹ̀kẹ́ tó wà níta yẹn gan-an ni.

"Mi ò mọ̀," wọ́n ní. "Gbogbo wọn jọra bí ẹyin adìẹ. Láti ìgbà tí mo ti dé Jámánì, ibikíbi tí wọ́n bá ti ní tẹlẹ́gà, mo máa ń lọ fi etí lé e. Èyí nìkan ló ń mí."

Irina ti ẹnu ẹ̀rọ omi. "Ìyá àgbà," ó ní, "afẹ́fẹ́ ni."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Irina pè mí. Ìyá àgbà rẹ̀ nílò ẹni tí yóò máa wà pẹ̀lú wọn lọ́sàn-án, wọ́n sì ti lé àwọn mìíràn. Èmi nìkan ni wọ́n ń béèrè. Mo ronú sí i, mo sì gbà. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ jẹ́ kí n má fi bò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti gbé kẹ̀kẹ́ náà kúrò ní Billbrook, igun yẹn ti dákẹ́, àárò ohun tó ń bà mí lẹ́rù sì ń sọ mí. Bàbá Viktor fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì mi mú lọ. "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà sí ẹsẹ̀ rẹ̀," wọ́n ní. "Bó bá fẹ́ rìn, ó yẹ kí ẹ gbọ́."

Neukölln, ní Berlin, ni mo rí yàrá sí. Ilé àtijọ́ ni, ilé nídìí ilé, àwọn ará Turkey ń ta ẹ̀fọ́ nísàlẹ̀. Reluwé U7 ló ń gbé mi lọ sí Spandau láràárọ̀. Ó gùn lọ lábẹ́ ilẹ̀ bí ìtàn àgbàlagbà, inú rẹ̀ ni mo sì ti mọ Berlin. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan tó wọ aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá pé kó wá jókòó, ọmọ náà dá a lóhùn ní Jámánì pé òun kò fẹ́, "Ich will nicht, Mama." Ìyá náà bá ojú mi pàdé, a jọ rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, mò ń ronú pé ọmọ yẹn fèsì, ó kéré tán. Èdè yòówù kó jẹ́, ó fèsì.

Mo ní àwọn ayọ̀ tèmi náà. Ní Ausländerbehörde, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìwé àwọn àjèjì, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ara mi ní èdè Jámánì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfi ẹyọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan bọ̀ ọ́. Òṣìṣẹ́ náà lu ìwé mi ní òǹtẹ̀ láìgbé ojú sókè. Nígbà tí mo jáde, mo ra àkàrà òyìnbó oníṣúgà kan, mo ń jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà bí ẹni ń ṣọdún. Mo rò pé bóyá báyìí ni ènìyàn ṣe ń di ará ibì kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé àgbàlá Màmá Lydia, mo máa ń rí i pé wọ́n ti pẹ́ ní Jámánì gan-an, wọ́n sì jẹ́ Jámánì láti inú wá, síbẹ̀ orí koríko inú kẹ̀kẹ́ kan lẹ́bàá odò Volga ni wọ́n ń gbé.

Lọ́sàn-án kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń ní kí n fi ọwọ́ mú wọn lọ sídìí tẹlẹ́gà. Wọ́n ti ní kí Irina ra koríko tuntun. Mo máa ń tún un tẹ́, wọ́n á fi búláńkẹ́ẹ̀tì kékeré bò ó. Lẹ́yìn náà wọ́n á kọ orin ìrẹmọ, orin kan ṣoṣo náà ni, ní èdè Jámánì àtijọ́ tí mi ò gbọ́ délẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń kọ ọ́, mímí náà á túbọ̀ jinlẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan koríko náà rí lẹ́yìn tí wọ́n kọrin tán. Ó móoru, ó sì ní kòtò kékeré kan láàárín, tó tó ibi tí ọmọdé lè ká ara rẹ̀ sí. Mo yọ ọwọ́ bí ẹni fi kan iná.

Nílé, Mọ́rẹ́nikẹ́ ti pé ọdún márùn-ún. Màámi ní ó ti kọ oorun ọ̀sán pátápátá. "Bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, á jókòó, á la ojú sílẹ̀," wọ́n ní. "Lálẹ́, etí ìró mi ló ń dì mú. Bí mo bá fẹ́ tọ̀, àfi kí n mú un lọ."

Ìgbà òtútù ti tún dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá Lydia ṣẹ̀ṣẹ̀ kọrin tán, wọ́n jókòó lórí àga tí mo gbé jáde fún wọn. Mo dúró ti kẹ̀kẹ́ náà, mo pe ilé. Màámi gbé fóònù lé Mọ́rẹ́nikẹ́ létí gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Mo ti ń sọ fún un pé ojú ọ̀run funfun bí ẹ̀kọ nígbà tí ó ní, "Mọ́mì."

Ohùn rẹ̀ ti nípọn ju èyí tí mo fi sílẹ̀ lọ.

"Mọ́mì, ta ló ń sùn yẹn?"

"Ọmọ kan ni," mo ní.

"Ẹ jí i."

"Kí ló dé, ọmọ mi?"

"Ẹ jí i. Bó bá ń sùn, wọ́n á lọ."

Ó fún Màámi ní fóònù. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sáré jáde.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá Lydia, mo sì sọ ohun tí ọmọ mi wí fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ.

"Gbogbo ọdún wọ̀nyí," wọ́n ní, "orin oorun ni mò ń kọ fún un. Mo mọ̀. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Bó bá jí, yóò rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni mọ́."

"Ẹ̀yin wà, mà."

"Mo ti darúgbó. Kò ní í mọ̀ mí."

"Yóò mọ ohùn yín."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní àwọn kò lè ṣe é, pé bó bá jẹ́ dandan, kí n ṣe é fún àwọn. Mo bá súnmọ́ tẹlẹ́gà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jí ọmọ ní èdè Volga, mo jí i bí wọ́n ṣe ń jí ọmọ nílé wa. Mo fi ọwọ́ lé koríko gbígbóná náà, mo ní, "Rosa. Rosa, dìde. Oorun tó. Ẹ̀gbọ́n ẹ ti dé, ó wà níbí."

Mímí náà dúró.

Mi ò rí irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹyẹ kankan kò ké. Lẹ́yìn náà pákó kan dún nísàlẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà, gbogbo rẹ̀ sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, bí ó ṣe máa ń tẹ̀ bí ẹnì kan bá ń sọ̀kalẹ̀, ó sì tún gbé ara sókè. Ó parí. Mo dúró títí ọwọ́ mi fi kú. Koríko náà tutù.

"O ti pa á," ni Màmá Lydia wí. Wọ́n sunkún, wọ́n kò sì jẹ́ kí n gbé wọn wọlé. Irina ló wá gbé wọn, ó ní kí n máa lọ sílé. Gbogbo ọ̀nà dé Neukölln, mò ń rò ó pé mo ti jí ohun tí kò kàn mí.

Nígbà tí mo fi dé Spandau lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, yìnyín ti bo ìlú. Ilẹ̀kùn iwájú ṣí sílẹ̀. Irina dúró nínú ilé ìdáná, ó wọ kóòtù, ètè rẹ̀ funfun. Ilẹ̀kùn tó jáde sí àgbàlá náà ṣí gbayawu, òtútù ń rọ́ wọlé. Màmá Lydia jókòó sí ẹnu rẹ̀ gan-an pẹ̀lú búláńkẹ́ẹ̀tì lórí ẹsẹ̀. Wàrà gbígbóná wà nínú ife kékeré kan lórí ìloro.

"Ṣé ìwọ lo ṣe èyí?" Irina bi mí. Kò pariwo. "Mo bẹ̀ ọ́, sọ pé ìwọ ni."

Mo wo ìta. Ojú ẹsẹ̀ ọmọdé wà nínú yìnyín náà, ojú ẹsẹ̀ láìsí bàtà, ọmọ ìka márààrún hàn ketekete. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí tẹlẹ́gà. Wọ́n yí lọ sí ibi igi, wọ́n dúró níbẹ̀, bí ọmọ tí kò mọ ọ̀nà. Lẹ́yìn náà wọ́n kọrí sí ilé. Wọ́n dé orí ìloro. Kò sí èyí tó pa dà.

"Ẹ má tilẹ̀kùn," ni Màmá Lydia wí.

A kò tì í. Irina jókòó sórí ilẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún ìyá àgbà rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ nípa afẹ́fẹ́ mọ́. Yìnyín mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ó ń dí àwọn ojú ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, a ń wò ó. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti dán, Màmá Lydia dìde fúnra wọn, láìmú ọ̀pá. "Ó tó," wọ́n ní, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Mo béèrè lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá wọ́n rí i. Wọ́n ní, "Ọwọ́ rẹ̀ tutù púpọ̀." Mi ò béèrè mọ́. Láti ọjọ́ náà, tẹlẹ́gà yẹn di igi lásán. Adìẹ aládùúgbò máa ń yé sínú rẹ̀.

Nígbà tí mo rí àyè, mo wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sílé. Mọ́rẹ́nikẹ́ kò súnmọ́ mi fún ọjọ́ mélòó kan. Ó máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà, á máa wò mí bí ẹni ń ṣọ́ àjèjì nínú ọjà. Nígbà tó yá, ó jẹ́ kí n di irun òun. Ó ń béèrè ìbéèrè láìyí ojú sí mi. Ṣé ọmọ yẹn ti jí? Mo ní ó ti jí. Ṣé wọ́n ti lọ? Mo ní ẹnì kan dúró dè é. Ó ní, "Ó dáa."

Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ pa dà, Màámi fà mí sí kọ̀rọ̀. "Jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ ná," wọ́n ní. "Bó bá ti sùn, o ó gba ẹ̀yìnkùlé."

"Rárá, Màámi."

"Yóò ké."

"Ẹ jẹ́ kó ké."

Mo pè é, mo jókòó sílẹ̀ kí ojú wa lè dọ́gba. Mo ní mò ń lọ lónìí. Mo ní mi ò tíì rí ìwé tí mo lè fi mú un lọ, mò ń wá a, mi ò sì mọ ọjọ́ tí yóò jáde. Ó ké. Ó ké débi pé àwọn aládùúgbò jáde. Ó fi ìkúùkù lù mí láyà, mo jẹ́ kó lù mí. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó di ọwọ́ mi mú, ó tẹ̀ lé mi dé gáréèjì, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi nínú oòrùn, ojú rẹ̀ là kedere, ó sì ń wò mí títí ọkọ̀ fi yà.

A kò tíì dé Ìsẹ́yìn nígbà tí Màámi pè. Ohùn wọn lọ sílẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ilé ìjọsìn.

"Ó ti sùn," wọ́n ní. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ó bọ́ bàtà, ó tẹ́ ẹní fúnra rẹ̀, ó sì sùn. Lọ́sàn-án gangan. Ṣé kí n jí i, kó bá ẹ sọ̀rọ̀?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó sùn.